DÓKÍTÀ NÍ KÒ SÍ ÀRÙN, ṢÙGBỌ́N ÀYÀ ṢÌ Ń JÁ

Ìlera loògùn ọrọ̀. Bí ara kò bá le, ọjà kò ṣeé tà, oko kò sì ṣeé ro. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé kí ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ti lọ, tí wọ́n ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò, tí dókítà sì ti sọ fún wọn pé kò sí àrùn kankan lára wọn. Ó yẹ kí inú wọn dùn. Síbẹ̀ inú wọn kò dùn. Àyà wọn ṣì ń já, orí wọn ṣì ń gbóná, ọwọ́ wọn ṣì ń gbọ̀n. Kí ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ sọ níhìn-ín.

1. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá kan wà tí ń ta ẹ̀wà àti ìrẹsì ní Mọ́níyà. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ti ń wọn ẹ̀wà fún oníbàárà, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì bí ọkàn ẹni tó ń sáré. Òógùn bò ó. Ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn ní ìka ọwọ́ rẹ̀. Òyì ń kọ́ ọ. Ó rò pé òun ń kú lọ. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Níbẹ̀, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Wọ́n lẹ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àyà rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí bébà. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Dókítà ní, "Màmá, kò sí nǹkan kan. Ẹ lọ sinmi."

Ìyá yìí délé, ó sùn. Ní ọjọ́ kẹta, àyà rẹ̀ tún já. Ó ní, "Àbí wọn ò rí i ni?" Ó lọ sí ilé ìwòsàn kejì. Wọ́n ní ó dára. Ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn ní Òjóò. Wọ́n ní ó dára. Ó ra àgbo, ó mu ún. Aládùúgbò kan ní ayé ló ń ṣe é, ó sì náwó sí ìyẹn náà. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, owó ọjà ti bá àyẹ̀wò lọ. Èyí tó wá burú jù ni pé kò lè wọ ọkọ̀ lọ sí Bódìjà mọ́, nítorí ó ń bẹ̀rù pé òun á dákú sínú ọkọ̀. Bódìjà ló sì ti ń ra ọjà. Ẹni tí kò lọ rajà, kí ni yóò tà?

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Ní oṣù tó ṣáájú, àbúrò ọkọ rẹ̀ ṣubú lójijì, ó sì kú. Owó ilé ìwé ọmọ méjì wà nílẹ̀. Ó sì jẹ gbèsè àjọ. Kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ fún dókítà, nítorí ó rò pé ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn.

2. Ta ló ń purọ́?

Dókítà ní kò sí àrùn. Ara ní òun kò yá. Ta ló ń purọ́? Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ohun tó bàjẹ́ ni àyẹ̀wò ń wá. Ó ń wò ó bóyá ọkàn ní àrùn, bóyá ẹ̀jẹ̀ kò tó, bóyá ibà tàbí àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀. Bí kò bá rí i, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n wò kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bàjẹ́ lè máa ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ajá tó ń gbó ewúrẹ́ bí ẹni pé olè ni, kò ṣàìsàn. Eyín rẹ̀ pé, ohùn rẹ̀ já gaara. Ó kàn ń gbó ohun tí kò yẹ kó gbó ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Nítorí náà, bí dókítà bá ní kò sí nǹkan kan, kò sọ pé ẹ ń díbọ́n. Àyà tó ń já, òótọ́ ló ń já. Ìbẹ̀rù ló ń já a.

3. Bí ìbẹ̀rù ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara

A ní kíndìnrín méjì. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà ara kékeré kan jókòó bíi fìlà. Nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí i, òun náà á sì da oje kan sínú ẹ̀jẹ̀. Adirẹ́nálíìnì ni àwọn dókítà ń pe oje náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú wa gbára dì, bóyá láti jà tàbí láti sá.

Ẹ ronú sí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ sọdá ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí tírélà kan yọ lójijì. Kí ẹ tó mọ̀, ẹ ti fò sẹ́yìn. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ara yín ní ìṣẹ́jú náà:

Ọkàn ń lù kíákíá, kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé apá àti ẹsẹ̀.
Èémí ń yá, kí atẹ́gùn lè pọ̀ nínú ara.
Òógùn ń jáde, kí ara má bàa gbóná jù.
Ẹnu gbẹ, inú ń ru, nítorí ara ti pa iṣẹ́ oúnjẹ tì ná.
Iṣan le, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, tí ọrùn àti orí fi ń fọ́ni.

Ohun kan tún wà. Bí a bá ń mí kíákíá nígbà tí a kò sáré, tí a kò sì gbẹ́rù, atẹ́gùn tí à ń mí síta á jáde ju bó ti yẹ lọ. Ara sì nílò díẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà náà ni yóò dà bí ẹni pé èèrà ń rìn ní ìka ọwọ́ àti ní ètè, tí òyì á sì máa kọ́ wa. Ó ń bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n kì í pani.

Tírélà kọjá lọ, ara sì rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í kọjá lọ bíi tírélà. Ọ̀fọ̀ kì í kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Bí ìdààmú bá dúró sínú ilé, ara náà á dúró ní ìmúra, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láìsí ẹni tó ń lé e.

4. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun

Èdè wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bí ẹ̀rù bá bà wá, a ní, "Àyà mi já." Bí ìdààmú bá wà, a ní, "Ara mi ò lélẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀." Ẹni tí kì í bẹ̀rù, a ní ó láyà. Àwọn baba wa mọ̀ pé inú ara ni ìbẹ̀rù ń gbé.

Wọ́n tún ní orúkọ kan, ọdẹ orí. Ẹni tó ní ọdẹ orí á ní nǹkan ń rìn nínú orí òun, etí òun ń pariwo, àyà òun ń já, oorun kò sì wá. Ní 1987, Dókítà Roger Makanjuola, oníṣègùn ọpọlọ ní Ifẹ̀, kọ̀wé nípa ọdẹ orí fún àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó rí ni pé ìbànújẹ́ tó wọni lára àti àìbalẹ̀ ọkàn ló wà lẹ́yìn rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ aláìsàn.

Kí ó tó di ìgbà náà, ní 1960, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Wọ́n ń sọ pé orí ń gbóná àwọn, nǹkan ń rìn ní orí àti ọrùn àwọn, ohun tí àwọn ń kà kò sì wọlé. "Brain fag" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí dẹ́rù bà yín. Ìwé kíkà kì í ba ọpọlọ jẹ́. Ìbẹ̀rù kí a má kùnà, àìsùn, àti ojú gbogbo ẹbí tó ń wo ẹnì kan ṣoṣo, ẹrù wúwo ni ìyẹn.

Àwọn òyìnbó náà kò yọ sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, dókítà Jacob Da Costa wo àwọn ọmọ ogun nígbà ogun abẹ́lé wọn tó jà láti 1861 sí 1865. Ó kọ̀wé nípa wọn ní 1871. Àyà wọn ń já, èémí wọn ń kúrú, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó bàjẹ́ nínú ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1991 sí 1992, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí ní ibi 15 ní orílẹ̀-èdè 14. Ìbàdàn wa yìí wà lára wọn. Wọ́n rí i pé níbi gbogbo, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sábà máa ń bá dókítà sọ ti ara ṣáájú: orí fífọ́, inú rírun, àárẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe èpè, kì í ṣe ìtìjú. Ènìyàn ni wá.

5. Bí ìbẹ̀rù ṣe ń bí ìbẹ̀rù

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá ẹlẹ́wà yẹn kò bẹ̀rù gbèsè nìkan mọ́. Ó ń bẹ̀rù àyà jíjá fúnra rẹ̀. Ó ń gbọ́wọ́ lé àyà nígbà gbogbo láti mọ bó ṣe ń lù. Bí ó bá gbé àpò ìrẹsì, ọkàn rẹ̀ á yára, bí ọkàn gbogbo ènìyàn ṣe ń yára. Ṣùgbọ́n òun á ní, "Ó tún ti dé!" Ẹ̀rù á bà á. Oje ìbẹ̀rù á jáde. Ọkàn á túbọ̀ yára. Ẹ̀rù á tún pọ̀ sí i. Bó ṣe ń yí po nìyẹn bí ẹran tí a so mọ́ èèkàn.

Àyẹ̀wò tuntun á fi í lọ́kàn balẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà iyèméjì á padà. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí a bá fi owó rà báyìí kì í pẹ́ tán. Bó sì ṣe ń sá fún Bódìjà tó, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń kọ́ ọ pé ibi ewu ni Bódìjà.

6. Ohun tí a lè ṣe

(a) Ẹ bi dókítà ní ìbéèrè. Ẹ ní, "Kí ni ẹ wò? Kí ni ẹ rí? Kí ló wá ń fa èyí? Irú àmì wo ni mo bá rí kí n padà wá?" Ẹ sọ ti ilé fún un pẹ̀lú: ọ̀fọ̀, gbèsè, ìjà, àìsùn. Ẹ kó gbogbo bébà àyẹ̀wò sínú àpò kan, kí ẹ má bàa sanwó ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

(b) Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀. Bí ó bá dé, ẹ sọ fún ara yín pé, "Ìbẹ̀rù nìyí. Ó ti wá rí, ó sì lọ."

(d) Ẹ mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́wọ́ lé ikùn. Ẹ mí sínú gba imú, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ikùn á wú díẹ̀. Ẹ wá mí síta gba ẹnu, bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná, kí ẹ kà dé ẹ̀fà. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ máa kọ́ ọ láàárọ̀ àti lálẹ́ nígbà tí ara balẹ̀, kí ó lè rọrùn nígbà tí ara kò bá balẹ̀.

(e) Ẹ má sá. Ìpáyà dà bí òkè. Ẹ gùn ún, ẹ ó sì sọ̀ ọ́. Ó sábà máa ń dé orí òkè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Bódìjà ni ẹ ń bẹ̀rù, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wọ ọkọ̀ dé Òjóò pẹ̀lú ẹnì kan, kí ẹ sì padà. Nígbà tí ìyẹn bá ti mọ́ yín lára, ẹ dé Agbówó. Lẹ́yìn náà, ẹ dé Bódìjà. Níkẹyìn, ẹ dá lọ.

(ẹ) Ẹ yé gbọ́wọ́ lé àyà nígbà gbogbo. Ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń lù láàárín ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Kì í lù bákan náà láti àárọ̀ di alẹ́. Kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

(f) Ẹ kíyè sí ohun tó ń wọ ẹnu. Obì àti kọfí ní ohun kan nínú tó ń mú ọkàn yára, tó sì ń lé oorun lọ. Ọtí á rọ ara lálẹ́, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá dá, àyà á túbọ̀ máa já. Ẹ má lọ dá ra oògùn oorun ní kẹ́mísì láìsí ìwé dókítà. Àwọn kan nínú wọn ń di bárakú. Ẹ máa jẹun lásìkò, ẹ máa sùn lásìkò, kí ẹ sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́.

(g) Ẹ lo ìwé kíkọ tí ẹ ti mọ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Nígbà tí àyà bá já, ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò, ohun tí ẹ ń ṣe, ohun tí ẹ ń rò, àti bí ó ṣe pẹ́ tó kó tó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ kà á. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ àjọ ni ó ń wá, tàbí alẹ́ tí ẹ kò sùn. Ẹ mú ìwé náà lọ fún dókítà. Ó wúlò fún un.

(gb) Ẹ dojú kọ ohun tó wà nílẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí gbèsè ni, ẹ lọ bá alájọ sọ bí ẹ ó ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀fọ̀ ni, ẹ bá ẹni tí ẹ fọkàn tán sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sunkún bí ẹkún bá wá.

(h) Bí ó bá ń dí yín lọ́wọ́ iṣẹ́ tàbí oorun, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Kì í ṣe fún àyẹ̀wò kẹwàá. Ẹ lọ fún ìtọ́jú ìbẹ̀rù. Ìtọ́jú wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Oògùn tòótọ́ náà wà, bí dókítà bá rí i pé ó yẹ. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú irú èyí wà ní UCH, ní Orítamẹ́fà. Ẹni tó lọ síbẹ̀ kò ya wèrè.

Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà. Àdúrà ń fi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní ìyá yín tàbí orogún yín ló fà á, ẹ má gbà. Àyà jíjá á kọjá, ṣùgbọ́n ilé tó ti tú kì í tètè tò.

7. Ìgbà tí a kò gbọ́dọ̀ sọ pé "ìbẹ̀rù ni"

Àyẹ̀wò tó dára lónìí kò ní kí àrùn má wá lọ́la. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn:

Àyà tó ń dunni bí ẹni pé a gbé ẹrù lé e, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tó ń wá nígbà tí a bá ń ṣiṣẹ́ agbára.
Dídákú gan-an, tí a kò mọ ibi tí a wà.
Ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí apá àti ẹsẹ̀ kan tó rọ lójijì.
Èémí tí kò tó bí a bá dùbúlẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú.
Ẹ̀jẹ̀ nínú ikọ́ tàbí nínú ìgbẹ́.
Ibà tí kò lọ, tàbí ara tó ń rù láìnídìí.
Ìrò pé ó sàn kí a kú. Ẹ má dá nìkan gbé èyí. Ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì bá yín lọ sí ilé ìwòsàn.

8. Ọ̀rọ̀ fún ará ilé

Ẹ má sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lélẹ̀ pé, "Ìmẹ́lẹ́ ni, dókítà ní kò sí nǹkan kan." Ẹ má sì máa gbé e sáré láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn nígbà gbogbo tó bá figbe ta. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bá a ka mímí rẹ̀. Ẹ bá a wọ ọkọ̀ dé Òjóò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, mọ bí ará ilé ṣe wúlò tó. Ní Aró, láti 1954, ó ṣètò pé kí àwọn tí ọpọlọ wọn kò dá máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ní 1963 ó wá sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú ọpọlọ. Àìsàn àwọn tó wà ní Aró le ju àyà jíjá lọ fíìfíì. Bí ẹbí bá wúlò fún ìyẹn, mélòó mélòó ni ti èyí.

Ìbéèrè

1. Kí ni àyẹ̀wò ń wá? Kí ni àyẹ̀wò kò lè rí?
2. Kí nìdí tí ọkàn fi ń lù kíákíá nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá?
3. Kí ni ọdẹ orí?
4. Àwọn ìbéèrè wo ló yẹ kí a bi dókítà lẹ́yìn àyẹ̀wò?
5. Ẹ dárúkọ àmì mẹ́ta tó yẹ kó mú wa tètè lọ sí ilé ìwòsàn.
6. Ẹ kọ ìlà márùn-ún nípa ohun kan tó ń já yín láyà, àti ohun tí ẹ lè ṣe sí i ní ọ̀sẹ̀ yìí.